Bátìrì Inú Lésà Pupa

Ilé ẹrù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà máa ń rùn bí ògì tó ti kan. Páálí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, sítáàṣì ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n á sè é nínú àgbá ńlá lẹ́yìn ilé, òórùn rẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn irin wọlé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn pépà tútù àti èéfín ọkọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ìdírókò tí atẹ́gùn bá gbé òórùn yẹn wá, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bátìrì ni. Bátìrì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Inú á sì tún bí mi.

Kíláàkì ilé ẹrù ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n mú ìwé dání, kí n wá ẹrù tí wọ́n fẹ́ kó jáde, kí n sì fi han awakọ̀ fọ́kílíìtì, ọkọ̀ kékeré tó ní ọwọ́ irin méjì níwájú tó máa ń gbé ẹrù sókè sódò. A máa ń di páálí ní ìdì-ìdì, a ó tò ó sórí pákó onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì, a ó wá fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀. Tí a bá ti wé e tán, gbogbo ẹ̀ ti jọra wọn nìyẹn. Páálí bisikíìtì ò yàtọ̀ sí páálí ọṣẹ mọ́, ìpele mẹ́ta ni a sì tò wọ́n sí lórí àgbékà irin. Ẹ̀rọ ńlá wà lẹ́yìn ògiri, ó ń pariwo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi á wá dúró nísàlẹ̀, màá máa figbe ta pé òkè pátápátá ni, ẹ̀kẹrin lápá ọ̀tún, títí ohùn mi á fi há.

Bàbá kan ló ń wa fọ́kílíìtì náà. Ará Ìwó ni, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ tó máa ń wọ fìlà abetí ajá sábẹ́ akoto iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ò gbà á láyè. Kò fi ọkọ̀ yẹn ha ọ̀rá ara ẹrù kankan rí. Ìparí ọdún náà ni yóò fẹ̀yìn tì. Ohun tí àwọn ọ̀gá kò mọ̀, tí èmi mọ̀, ni pé bàbá yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kó tó di awakọ̀, ìdí ẹ̀rọ tó ń pariwo yẹn ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́, láìfi nǹkan dí etí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táyà lọ́rì bẹ́ lẹ́nu géètì wa, gbogbo wa ta gìrì, ọkùnrin kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bàbá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nítòsí lọ́rì náà gan-an, ó ń bó ọsàn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Mo wá rántí pé ẹnu mi ló máa ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ wa le lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Awakọ̀ tí kò bá gbọ́ràn dáadáa, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni wọ́n máa ní kó máa lọ, owó ìfẹ̀yìntì tó ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti dé á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí ò ń rò. Ìwọ náà á ní kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wa ọkọ̀ láàárín èèyàn. Mo rò ó títí, mi ò sì ní sọ pé ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ oṣù díẹ̀ ló kù fún bàbá, ojú rẹ̀ mú ju ojú gbogbo wa lọ, ohun tí ó sì ń ṣe é, iṣẹ́ wọn náà ló ṣe é fún un. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò sọ fún ọ̀gá ilé ẹrù, mi ò sì sọ fún bàbá fúnra rẹ̀ pé mo mọ̀. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí a lè fi rọ́pò ariwo.

Ọkùnrin tó wá kọ́ wa nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ kí n rí i. Lésà ló mú dání, ohun kékeré bíi báírò tó ń yọ iná pupa tín-ínrín. Tó bá nà án sí ògiri tó jìnnà, ẹ̀kán pupa kan á hàn níbẹ̀ kedere. Mo ní ohun tí mò ń wá rèé. N kò ní lọgun mọ́, màá kàn tan iná sára ẹrù, bàbá á sì lọ gbé e. Mo tẹ òfin kan sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: nínú ilé ẹrù yìí, iná nìkan ni awakọ̀ yóò máa tẹ̀lé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu darí rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ tan lésà sí ojú ènìyàn. Ọ̀gá ilé ẹrù buwọ́ lù ú láìkà á dáadáa. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, bàbá gbé ẹrù méjìlélógún láìṣi ọ̀kan gbé, inú mi dùn débi pé mo ra ọsàn fún un.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bátìrì bẹ̀rẹ̀. Lésà tí mo rà lọ́jà Sango, bátìrì aago mẹ́ta ló ń lò, àwọn pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnì ẹ̀wù. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹ̀kán pupa yẹn ti ń ṣẹ́jú, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ mo ní láti sún mọ́ àgbékà gan-an kí n tó rí i. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀, ó ní, "Àǹtí, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lẹ rà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́, oní-bátìrì rìmóòtù ló yẹ kó rà." Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń rà á. Ó ní mi ò bi í.

Mo ra oní-bátìrì rìmóòtù. Ọ̀gá sítọ̀ wá ní àwọn kò lè fún mi ní bátìrì mìíràn ju àwọn pupa tí wọ́n ń pín fún aago ara ògiri lọ. Bátìrì wọ̀nyẹn fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú wọn. Aago lè lo ọdún kan lórí ọ̀kan, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni aago ń mu iná, ṣùgbọ́n lésà tí mò ń tẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú ń fà á gbẹ ní ọjọ́ méjì. Oníkálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn. Sìkiọ́rítì ní kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní inú fíríìjì ni ó yẹ kí n máa kó wọn sí. Ọkùnrin tó ń wé ọ̀rá ní kí n ká bébà fàdákà inú páálí sìgá sí ìdí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹrù fúnra rẹ̀ kàn ń sọ pé, "Kí ló tiẹ̀ dé tí o ò kúkú pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ kó máa sọ.

Èmi náà ní ìmọ̀ràn tèmi. Nílé bàbá mi ní Adó-Odò, tí bátìrì rédíò bá ti rẹ̀, orí páànù ni a máa ń sá a sí, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo wá ń sá bátìrì lésà sójú fèrèsé. Mo sá bátìrì pupa méjì ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo fi wọ́n sínú lésà nírọ̀lẹ́ kí n tó lọlé, ǹjẹ́ o mọ̀ pé iná náà mọ́ rokoṣo? Ó mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ó mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, iná lésà mi kò ṣẹ́jú. Mi ò tú u wò, torí ta ló ń tú ohun tó ń ṣiṣẹ́ wò. Ńṣe ni mo ń ṣàlàyé fún gbogbo ayé. Mo kọ́ àwọn akọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń sá bátìrì, ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sí oòrùn, ìgbà tó yẹ kí wọ́n kó o kúrò. Tí mo bá rántí ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n na ara mi.

Ìgbéraga yẹn ló gbé mi dé ìdí bátìrì oníṣáájì. Mo wí fún ara mi pé bí mo bá lè fi oòrùn lásán ṣe oṣù mẹ́ta, tí mo bá wá rí èyí tí iná ń padà sínú rẹ̀ ńkọ́. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, mo bẹ ọ̀gá sítọ̀ títí, wọ́n fi ra bátìrì oníṣáájì mẹ́rin pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tú lésà láti fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe pupa, aláwọ̀ wúrà ni wọ́n. Mo wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, mo ní bóyá inú àwo tí wọ́n ń kó bátìrì sí ní sítọ̀ ni mo ti ṣèèṣì mú wọn lọ́jọ́sí, mo jù wọ́n sínú garawa ìdọ̀tí.

Bàbá dúró tì mí. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì kú."

Mo ní, "Bàbá, èyí tó lòde nìyí. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó wo ẹnu mi, ó wo garawa ìdọ̀tí, ó mi orí, ó sì lọ gun ọkọ̀ rẹ̀. Ìṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi tí mo máa ń fi lésà kọ́, ṣùgbọ́n àwọn sìkiọ́rítì ti sọ lésà di ohun tí wọ́n fi ń da alángbá láàmú lára ògiri. Láti ọjọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀ ni mò ń tì í mọ́, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Mo dán iná tuntun náà wò ní igun tó ṣókùnkùn láàárọ̀ kùtù, ó hàn, mo ní ó ti tán.

Kò tán rárá. Àwọn páànù kan wà lórùlé wa tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó bá ti di ọ̀sán, oòrùn á tàn sára ẹrù yẹn yòò. Ọjọ́ Ajé, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń fi ọwọ́ bo ojú kó tó rí ẹ̀kán náà. Mo ní ó ti ń dàgbà ni. Mo ń ṣáájì bátìrì náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, iná ara ṣájà á sọ fún mi pé wọ́n ti kún, n ó sì fi ọkàn tán an. Bí nǹkan bá ti kún, kí ló tún kù?

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá àgbà tuntun wá wo ilé ẹrù wa. Ọ̀sán gangan ni, ọ̀gá ilé ẹrù ń tẹ̀ lé e, ó ń fi mí yangàn pé èmi ni mo mú ọgbọ́n lésà wá. Pálẹ́ẹ̀tì kan wà lókè pátápátá tí pákó rẹ̀ ti là, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo tan iná sí i. Èmi fúnra mi kò rí iná náà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, oòrùn ti bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá dúró díẹ̀, ó ń wá a kiri, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan sì hàn sí i fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá ti ọwọ́ irin ọkọ̀ bọ abẹ́ èyí tó là yẹn.

Mo figbe ta pé, "Ẹ dúró." Ìgbà tí mo tún un ké lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó ń kó ẹrù sínú lọ́rì níta dúró. Ọ̀gá àgbà náà yíjú. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́ mi àfi ẹni tí mò ń bá wí. Bàbá gbé e sókè, pákó náà ṣẹ́ sí méjì, ìdì páálí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wó jọ síbi tí mo máa ń dúró sí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò dúró síbẹ̀, nítorí àlejò. Eruku gbòde. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Ọ̀gá àgbà bèèrè pé, "Àbí ọkùnrin yìí ò gbọ́ràn ni?"

Ọ̀gá ilé ẹrù wò mí. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀, ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ̀ pé ó rí ìbéèrè náà kà. Gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ wà lórí ìdáhùn tí mo bá fún ọkùnrin yẹn. Mo na ọwọ́ sí pépà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní, "Kò yẹ kó gbọ́ wa, sà. Iná nìkan ló ń tẹ̀ lé, òfin wa nìyẹn. Iná ni kò hàn." Ó rìn lọ síbẹ̀, ó ka pépà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó ń tọ́jú iná. Mo ní èmi ni. Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fún mi ní kúẹ́rì pé kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń lo irinṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́.

Mo gbé bátìrì mi lọ bá oníná ilé-iṣẹ́ wa tìbínú-tìbínú. Ó fi mítà rẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fólítì wáànù-pọ́íntì-tuù ni agbára eléyìí, àǹtí, tó bá kún dẹ́nu náà nìyẹn. Bátìrì rìmóòtù lásán, wáànù-pọ́íntì-fáìfù ni. Méjì tiyín yìí ò lè pé fólítì mẹ́ta láé, mẹ́ta sì ni lésà kékeré ń fẹ́. Bátìrì alukaláìnì ni kẹ́ ẹ lọ rà, èyí tó wúwo lọ́wọ́." Mo bi í pé báwo ni bátìrì tí mo sá sóòrùn ṣe wá lo oṣù mẹ́ta. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní ó ṣeé ṣe, mo fi ojú mi rí i. Ó tún ní kò ṣeé ṣe, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì nígbà tí mo jáde. Mo jókòó tì í. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kékeré kan tó ti ká mọ́ra, ó tú u. Bátìrì aláwọ̀ wúrà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó ní Ìyànà Ìyẹ̀sí lòun ti ń rà wọ́n. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó dé, òun á yọ lésà lórí ìṣó, òun á pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Oríṣi mẹ́rin lòun ti dán wò kí òun tó mú ìyẹn. Ó ní, "Ojú mi ló ń bá mi gbọ́ràn báyìí. Mi ò lè fi bátìrì aago ògiri gbọ́ràn."

Mi ò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ ṣe mí, inú ló bí mi. Mo ronú kan gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ nípa oòrùn, kan garawa ìdọ̀tí, kan dúrọ́ọ̀ tí mo tì mọ́ bàbá lójú. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wo ẹnu mi dáadáa kó tó dáhùn. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò bi mí? Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀."

 Mo ti ń ṣàánú bàbá fún oṣù bíi mélòó, mo tẹ òfin nítorí rẹ̀, mo ra lésà nítorí rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún un, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bi í pé ṣé ó ń rí iná yìí. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ lọ́rùn, mo fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọ̀gá ilé ẹrù kì í pe bàbá láti ẹ̀yìn mọ́, ó máa ń rìn yípo wá síwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà kò bi í. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n fi páálí ńlá kan di ẹ̀bùn fún bàbá, ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì kó padà sí Ìwó pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ilé ẹrù mìíràn ni mo wà báyìí, lọ́nà Ìgbẹ́sà, àwa náà ń lo lésà. Awakọ̀ ni mo máa ń fún ní bátìrì pé kó tàn án wò lọ́sàn-án gangan, kí ó sọ fún mi èyí tó hàn sí i jù. Lóṣù tó kọjá, mo dúró níwájú ẹni tó ń ta bátìrì ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, ó kó oríṣi mẹ́ta kalẹ̀, ó ní alukaláìnì ni gbogbo wọn. Mo gbé ọ̀kan tó dán jù, ó wù mí gan-an. Mo ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá lórí Wọ́tsáàpù, nítorí kò sí bí a ṣe lè pè é sórí fóònù. Èsì rẹ̀ dé kí ẹni tó ń tà á tó wá sẹ́ńjì fún oníbàárà mìíràn. Ó kọ ọ́ pé, "Èyí tí o mú yẹn kọ́. Ti àárín ni kí o rà."

Mi ò sọ fún un pé mo ti mú ọ̀kan. Mo dá a padà, inú ń bí mi, mo sì ra èyí tó ní kí n rà.